Òrùka Agbábọ́ọ̀lù Tó Wà ní Gbàǹjo: Ṣé Ìwé Ẹ̀rí Ilé Iṣẹ́ Tó Rọ Ọ́ Tó?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Philadelphia ni mò ń gbé. Ọkọ mi yóò pé ọgọ́ta ọdún láìpẹ́, kò sì sí ohun tó fẹ́ràn ju bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà lọ. Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n fẹ́ lu òrùka méjì ní gbàǹjo, wọ́n ní ti agbábọ́ọ̀lù kan tó ti fẹ̀yìntì ni. Ọ̀kan jẹ́ ti Super Bowl, ìdíje àṣekágbá bọ́ọ̀lù náà, owó tí wọ́n pè lórí rẹ̀ sì ti dé 14,000 dọ́là. Èkejì jẹ́ ti ọdún tí ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Super Bowl ṣùgbọ́n tí wọn kò gbà á, kò sì tíì tó 4,000. Ẹni tó ń tà wọ́n kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀. Àmọ́ ìwé kan wà tó sọ pé ilé iṣẹ́ tó ń rọ òrùka fún ẹgbẹ́ náà gan-an ló rọ ọ́, orúkọ agbábọ́ọ̀lù náà sì wà lára rẹ̀. Ṣé ìyẹn tó fún èmi àti àwọn ọmọ láti dáwó jọ rà á?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí owó tó jáde lápò yín, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí mi, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti sanwó tán ni wọ́n ń rántí pé ó yẹ kí wọ́n béèrè. Èsì mi ni pé kò tó. Ìwé tó sọ pé ilé iṣẹ́ gidi ló rọ òrùka náà, ọ̀rọ̀ wúrà àti dáyámọ́ǹdì ló ń sọ. Kò sọ ohunkóhun nípa ọwọ́ tí òrùka náà ti gbà kọjá kí ó tó dé orí àtẹ. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tó gbà kọjá yẹn ni àwọn ènìyàn ń torí rẹ̀ pe owó. Àjọ NFL tó ń darí bọ́ọ̀lù náà ló ń san owó òrùka fún ẹgbẹ́ tó bá gba Super Bowl, nǹkan bí 150 òrùka ní nǹkan bí 5,000 sí 7,000 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí olówó ẹgbẹ́ bá sì fẹ́ kí tirẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti fi kún un. Bí ẹ bá wá gbé irú òrùka bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ra wúrà àlòkù, ìwọ̀n wúrà rẹ̀ nìkan ni yóò sanwó fún, kò ní bi yín léèrè ẹni tó wọ̀ ọ́. Ohun tó wà láàárín owó alálòkù yẹn àti 14,000 dọ́là, ìtàn ni. Ìtàn sì ni ohun tó rọrùn jù lọ láti fi parọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹjọ́ kan fún yín, nítorí n kò mọ èyí tó fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù ú lọ. Ní February 5, 2017, New England Patriots gba Super Bowl LI ní Houston. Atlanta Falcons ti fi 28 sí 3 ṣáájú wọn kí wọ́n tó padà bọ̀ wá jáwé olúborí pẹ̀lú 34 sí 28, ìdí sì nìyẹn tí òrùka ọdún yẹn fi ní dáyámọ́ǹdì 283 lára, kí ẹni tó bá gbọ́ iye rẹ̀ lè rántí 28 sí 3. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti New Jersey lọ bá agbábọ́ọ̀lù kan tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, ó ra òrùka tirẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí. Ó ta òrùka náà ní 63,000 dọ́là. Ṣùgbọ́n ohun tó rí gbà lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù náà ju òrùka lọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ tún tẹ ohun tó fi mọ̀ pé ẹni tó bá gba bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti ra òrùka tó kéré díẹ̀ fún àwọn ẹbí rẹ̀. Ló bá pe ilé iṣẹ́ tó ń rọ òrùka lórí fóònù, ó fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù náà pe ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n rọ òrùka ẹbí mẹ́ta kí wọ́n sì kọ BRADY sí wọn lára, pé ẹ̀bùn ni fún ọmọ tuntun Tom Brady, ìràwọ̀ ẹgbẹ́ Patriots nígbà náà. Wọ́n rọ wọ́n fún un.

Ó kọ́kọ́ bá oníṣòwò kan ní California ṣe àdéhùn lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní 81,500 dọ́là, ó ní àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Brady ló ni wọ́n. Oníṣòwò náà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí fura pé bóyá ni Brady ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ yọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ní November 2017, ọjọ́ tí àwọn òrùka náà tẹ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí lọ́wọ́ gan-an ló tà wọ́n fún ilé gbàǹjo kan ní 100,000 dọ́là. Nígbà tó di February 2018, wọ́n lu ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ní gbàǹjo ní iye tó lé ní 330,000 dọ́là. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá: ní March 2022, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní California sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ó san 63,000 dọ́là padà fún agbábọ́ọ̀lù tó lù ní jìbìtì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i pé kò sí ayédèrú òrùka kankan nínú gbogbo ohun tí mo sọ yìí. Wúrà gidi ni, dáyámọ́ǹdì gidi ni, ilé iṣẹ́ gidi ló rọ wọ́n, orúkọ Brady sì wà lára wọn gbagada. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè irú ìwé tí wọ́n fi hàn yín yẹn fún ọ̀kan nínú wọn, wọn ì bá fún un láìjáfara, ìwé náà kì bá sì ní irọ́ kankan nínú. Oníṣòwò tó fura náà kò fi gíláàsì tí wọ́n fi ń wo òkúta iyebíye fura. Ìbéèrè nípa ẹbí ló fi fura. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bi wọ́n.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé òrùka tí a lè pè ní ojúlówó pé oríṣiríṣi. Èyí tí wọ́n fi lé agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wà. Èyí tí agbábọ́ọ̀lù náà tún rà nígbà tí ti àkọ́kọ́ sọnù tàbí tí wọ́n jí i wà, ó sì lè jẹ́ pé èyí tó sọnù yẹn ṣì wà níbì kan tó ń rìn kiri. Ti ẹbí wà, bí a ti rí i lókè. Ti àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà tún wà, láti orí ọ̀gá àgbà dé orí ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, àwọn wọ̀nyí sì sábà máa ń kéré sí ti agbábọ́ọ̀lù, òkúta wọn kì í sì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ dáyámọ́ǹdì. Lẹ́yìn náà ni àpẹẹrẹ tí àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ ń gbé kiri láti fi han oníbàárà. Gbogbo wọn ló lè ní àmì ilé iṣẹ́ kan náà nínú. Ti ayédèrú pátápátá kò tilẹ̀ yẹ kó gba àkókò wa, nítorí léraléra ni àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà ń gba irú wọn tó ń wọlé láti China, ìwọ̀n lásán sì ti tó láti tú àṣírí púpọ̀ nínú wọn.

Ọkùnrin kan gbé ọ̀kan wá bá mi rí nínú àpótí onígi kékeré kan. Ojú òrùka náà ń kọ mànà bí omi tí oòrùn là sí. Mo yí i padà, mo wo inú rẹ̀ níbi tó ti ń kan ìka, nítorí ibẹ̀ ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Òrùka tí ènìyàn bá ti wọ̀ fún ọdún mẹ́wàá máa ń ní ìlà wẹ́wẹ́ nínú, etí rẹ̀ á ti yọ̀ bí etí ọ̀bẹ àtijọ́ tí wọ́n ti pọ́n títí, lẹ́tà tí wọ́n fín sínú rẹ̀ á sì ti ń pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ti ọkùnrin yìí mọ́ roro bí àwo tí wọn kò tíì fi jẹun rí. Àmì 10K tàbí 14K tó ń sọ bí wúrà ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo gbé e sórí ìwọ̀n, ó fúyẹ́ ju bó ti tóbi lójú lọ. Àpẹẹrẹ aṣojú ni, irin tí wọ́n fi wúrà bò, tí wọ́n sì to òkúta lásán sí lójú. Orúkọ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí orúkọ ẹni tó lókìkí ni wọ́n sábà máa ń fi sára àpẹẹrẹ kí ọjà lè tà. Ọkùnrin náà kì í ṣe onírọ́. Inú ẹrù bàbá rẹ̀ tó ti kú ló ti rí i, orúkọ tó sì rí lára rẹ̀ ló gbà gbọ́, bí ẹ̀yin náà ti fẹ́ gbà á gbọ́ yìí.

Nítorí náà, ẹ sọ fún ilé gbàǹjo náà pé kí wọ́n ya fọ́tò inú òrùka ránṣẹ́ sí yín, kí wọ́n sì sọ ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù àti nọ́ńbà ìka tó bá a mu. Nọ́ńbà ìka yìí ń sọ òótọ́ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Agbábọ́ọ̀lù tó ga, tó fẹ̀, kì í ní ìka tẹ́ẹ́rẹ́. William Perry tí wọ́n ń pè ní Fíríìjì, tó gba Super Bowl XX pẹ̀lú Chicago Bears ní January 1986, nọ́ńbà òrùka tirẹ̀ lé ní 20, nígbà tó jẹ́ pé ti ọkùnrin tó wọ́pọ̀ kì í sábà kọjá 10 tàbí 11. Kò sí ẹni tó lè gbé òrùka ìka tẹ́ẹ́rẹ́ wá kí ó ní ti Perry ni. Bí wọ́n bá ní wọ́n ti gé e kù tàbí wọ́n ti fẹ̀ ẹ́, ojú ibi tí wọ́n jó o pọ̀ sí yóò hàn nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ìlà àpá, ó sì yẹ kí ẹnì kan lè sọ ẹni tó ṣe é fún.

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ Perry, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òrùka rẹ̀, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ iye owó. Òrùka náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sí gbàǹjo, ọmọdékùnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá kan sì rà á ní 8,500 dọ́là láti inú owó tí wọ́n ti ń tọ́jú dè é. Nígbà tí ọmọ náà kà nípa àìsàn tó ń bá Perry jà, ó gbé òrùka náà padà fún un. Ní ọdún 2015, wọ́n tún lu òrùka Perry ní gbàǹjo, 203,150 dọ́là sì ni wọ́n rà á. Ẹ rí i pé iye tí òrùka jẹ́ lánàá kò sọ iye tí yóò jẹ́ lọ́la. Ti Lawrence Taylor, èyí tó gbà pẹ̀lú New York Giants nínú Super Bowl XXV, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó fún ló tà á ní ọdún 2012, ó sì mú 230,401 dọ́là wá. Àwọn ìràwọ̀ ni wọ̀nyí. Òrùka ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì jálẹ̀ ọdún náà kò súnmọ́ irú iye bẹ́ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ilé gbàǹjo fi iye ti Taylor tàn yín láti ra ti ẹlòmíràn.

Ẹ wo bí ti Taylor ṣe rí, nítorí òun ni irú ìtàn tó yẹ kí ẹ máa wá: bàbá wọ̀ ọ́, bàbá fún ọmọ, ọmọ tà á, gbogbo wọn wà láàyè, ẹ sì lè bi wọ́n léèrè. Nínú ti yín, ẹni tó ń tà kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù náà. Báwo ló ṣe dé ọwọ́ rẹ̀? Bí ó bá ní òun rà á ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gba nǹkan dógò, rìsíìtì ibẹ̀ dà? Bí ó bá ní agbábọ́ọ̀lù náà ló fún òun, lẹ́tà tí agbábọ́ọ̀lù náà fọwọ́ sí níwájú ẹlẹ́rìí dà? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un, òfin Amẹ́ríkà náà kò sì jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí tó bá kan ẹrù tí wọ́n jí, nítorí olè kò lè gbé ẹ̀tọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò ní lé yín lọ́wọ́. Ẹ lè fi ọkàn mímọ́ rà á, kí ẹ sanwó pé, kí oní-nǹkan sì wá gbà á lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Kì í ṣe olè nìkan ló ń dá irú wàhálà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹbí náà ń dá a sílẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn òbí Kobe Bryant, ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù agbọ̀n (basketball), gbé àwọn nǹkan rẹ̀ lọ sí gbàǹjo, òun àti àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ sì ní wọn kò láṣẹ láti tà wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó yanjú rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ tọrọ àforíjì ní gbangba, wọ́n sì fi díẹ̀ nínú nǹkan náà sílẹ̀ fún títà. Òrùka ìdíje ọdún 2000 tó fún bàbá rẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n tà, nǹkan bí 173,000 dọ́là ni wọ́n rà á. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, wọ́n tún un tà ní 927,200. Ẹ má gbàgbé pé òrùka ẹbí ni èyí náà, bíi ti Brady; ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé gbogbo ayé mọ ẹni tó fún bàbá, wọ́n sì mọ bí bàbá ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀.

Gbèsè tún wà. Nígbà tí ilé ẹjọ́ dá O. J. Simpson, ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, lẹ́bi ní ọdún 1997 pé kí ó san mílíọ̀nù 33.5 dọ́là, àwọn nǹkan ọlá rẹ̀ di ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ta ife Heisman rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó pegedé jù lọ, ní gbàǹjo ní ọdún 1999. Ẹ bi ilé gbàǹjo náà bóyá ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ lórí òrùka yìí nítorí gbèsè, owó orí tàbí ìkọ̀sílẹ̀. Kí wọ́n dáhùn lórí ìwé.

Ní ti òrùka kejì, tí ó jẹ́ ti ọdún tí wọ́n pàdánù Super Bowl, òrùka ìpín ni wọ́n ń pè é, nítorí ẹgbẹ́ tó bá gba ìpín AFC tàbí NFC, ìpín méjì tí àjọ NFL pín sí, ló ń gbà á. Owó tí àjọ náà ń ná lórí rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti Super Bowl, àwọn tó ń wá a ra kò sì pọ̀. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju bí ọjà ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Àwọn onígbàjúẹ̀ kì í sábà dààmú ara wọn lórí òrùka ẹni tó pàdánù, bí ìwé rẹ̀ bá sì pé, ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù yóò rí i pé ìtàn tó wà nínú rẹ̀ kò kéré.

Ẹ tún ṣírò owó dáadáa. Iye tí wọ́n bá fi òòlù kan tábìlì lé lórí kọ́ ni ẹ máa san. Ọ̀pọ̀ ilé gbàǹjo ń fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé e lórí fún ara wọn, nítorí náà 14,000 á di 16,800, bí wọ́n bá sì fi owó orí ọjà Philadelphia tó jẹ́ ìdá 8 kún un, á lé ní 18,000 kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ owó ìfiránṣẹ́ àti ìbánigbófò. Ẹ dá iye tí ẹ lè san dúró nílé, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fún ọmọ yín kan ní ìwé náà, nítorí mo ti rí àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó gbàgbé orúkọ ara rẹ̀ nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú méjì kí gbàǹjo parí.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fura sí: ìtàn ẹkún. Bí àkọsílẹ̀ òrùka náà bá ń sọ bí agbábọ́ọ̀lù náà ti tòṣì, bí orí ṣe ń fọ́ ọ nítorí gbogbo ìkọlù tó jẹ lórí pápá, ó lè jẹ́ òótọ́, nítorí bọ́ọ̀lù yẹn ti ba ara àwọn ọkùnrin púpọ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n bí òun kọ́ ló ń tà á, kọ́bọ̀ kan kò ní dé ọwọ́ rẹ̀. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó tà ni ìṣẹ́ ń lé. Kareem Abdul-Jabbar, òun náà ìràwọ̀ bọ́ọ̀lù agbọ̀n, ta mẹ́rin nínú òrùka rẹ̀ pẹ̀lú àwọn nǹkan mìíràn ní ọdún 2019, gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, ó sì sọ pé púpọ̀ nínú owó náà yóò lọ sí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì fún àwọn ọmọdé.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ Eagles ti ìlú yín ni baálé yín ń tẹ̀ lé, mo mọ̀ pé inú rẹ̀ á dùn láti rí òrùka Super Bowl LII, èyí tí wọ́n gbà ní February 2018, tí Jay Ajayi, ọmọ tiwa tí wọ́n bí sí London, wà lára àwọn tó gbà á. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ AJAYI sí lọ́jọ́ kan, gbogbo ìbéèrè tí mo to sílẹ̀ yìí náà ni kí ẹ bi wọ́n, ẹ má wo ti orúkọ ilé.

Ní báyìí, èmi kò ní dá owó kankan lé òrùka Super Bowl yẹn bó ṣe wà. Ẹ kọ̀wé sí ilé gbàǹjo náà lónìí, kí ẹ béèrè orúkọ gbogbo ẹni tí òrùka náà ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ìwé tó wà fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ béèrè bóyá ti agbábọ́ọ̀lù ni tàbí ti ẹbí tàbí ti òṣìṣẹ́, kí ẹ sì béèrè iye ọdún tí wọn yóò fi dá owó yín padà bí ìtàn rẹ̀ bá já sí irọ́. Ẹ wá nọ́ńbà aṣojú agbábọ́ọ̀lù náà pẹ̀lú, kí ẹ fi fọ́tò òrùka náà ránṣẹ́ sí i. Ìdáhùn gbólóhùn kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ju ìwé ilé iṣẹ́ mẹ́wàá lọ. Bí èsì wọn bá dé kí gbàǹjo náà tó parí, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fọ́tò inú òrùka méjèèjì, kí ẹni tó bá ya á tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́ kí lẹ́tà tí wọ́n fín síbẹ̀ lè hàn.